Bí Mo Ṣe Sọ Fọ́tò Ẹṣin Di Àwòrán Aláró Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹṣin pupa kan ni, tí wọ́n dì ní gàárì fún ọdún Iléyá ní Òṣogbo. Fọ́tò rẹ̀ tí mo yà ni mo sọ di àwòrán aláwọ̀ aró, bí ẹni pé aládìrẹ ló fi ẹ̀kọ yà á sára aṣọ, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà A3. GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán. Ẹni tó ní Photoshop tàbí Krita lè tọ ọ̀nà kan náà; ibi tí wọ́n kó irinṣẹ́ sí ló yàtọ̀. Bí orúkọ irinṣẹ́ ṣe wà nínú mẹ́nù ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, kó má baà ṣòro fún yín láti wá.

Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé èèyàn á ṣí fọ́tò, á lọ sí Filters, á tẹ Cartoon tàbí Oilify, á ní ó ti parí. Irú fílítà bẹ́ẹ̀ kò mọ èjìká ẹṣin yàtọ̀ sí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ojú ẹṣin ló ń ṣe eruku ilẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Nike Centre, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Òṣogbo, á ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ: wọ́n á ti iyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi làfún ṣe, wọ́n á fi ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bá sì bò, aró kì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni pé ibi tó mọ́ ni ọwọ́ ń yà. Òkùnkùn, ìkòkò aró ló ń ṣe é. Ọ̀nà yẹn gan-an ló bá ẹṣin mu, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lára irun rẹ̀ ló ń jẹ́ ká rí iṣan, eegun àti bí ikùn ṣe yí po. Ibi tí oòrùn bà ni mo wá lára ẹṣin yìí, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún aró.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Oòrùn àárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí ti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aago márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn wá, ó sì máa ń ya iṣan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa sọ ẹ̀yìn ẹṣin di funfun báláú, a sì máa sọ abẹ́ ikùn di dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ kò sí irinṣẹ́ tó lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí padà. Mo dúró ní bíi mítà mẹ́fà, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí fóònù fi bá èjìká ẹṣin dọ́gba. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, orí á tóbi gàgàrà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rí tíńtín. Fáìlì tó jáde látinú fóònù gan-an ni kí ẹ lò. Tèmi jẹ́ píksẹ́lì 4000 sí 3000. Fọ́tò tó bá gba orí WhatsApp kọjá gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán ti dín kù, ó sì ti ní àpá onígun kéékèèké lára tí yóò hàn gbangba nígbà tí a bá ń pín àwọ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹṣin kí n tó yà á.

Lẹ́yìn tí mo ṣí fọ́tò, mo fi Crop gé e ní ìwọ̀n 420 sí 297, tí í ṣe ìwọ̀n A3 tí a fi dùbúlẹ̀. Píksẹ́lì 4000 sí 2829 ló kù. Mo wá lọ sí Image, Scale Image, mo sọ ọ́ di 4961 sí 3508, mo sì yan NoHalo ní ibi Interpolation. Sísọ fọ́tò di ńlá kì í fi ohun kan kún ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kọ́ ni a fẹ́ tẹ̀. Ìlà àti àwọ̀ tí mo fẹ́ yà lé e lórí ló nílò àyè yẹn kí etí wọn lè mú. Mo ṣe Duplicate Layer (layer ni ìpele àwòrán tí a ń tò lé ara wọn), mo pa ojú ti ìsàlẹ̀ dé, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Iná lè lọ nígbàkigbà, GIMP kì í sì í fi iṣẹ́ pa mọ́ fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lọ, nítorí náà Shift+Ctrl+S (Save As) ni lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun: ẹṣin-01, ẹṣin-02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ní XCF, irú fáìlì GIMP fúnra rẹ̀. JPEG kò lè tọ́jú layer.

Yíyọ ẹṣin kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gba àsìkò jù, ibẹ̀ sì ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Paths, irinṣẹ́ tó ń fa ìlà láti àmì kan dé òmíràn, ni mo lò. Ibi tí ara ẹṣin bá ti yí padà nìkan ni mo fi àmì sí: ṣóńṣó etí, iwájú orí, imú, àgbọ̀n, àyà, orúnkún, pátákò, abẹ́ ikùn, ìdí ìrù, ẹ̀yìn. Bíi àádọ́rin àmì ló gbà mí. Bí àmì bá pọ̀ jù, etí ẹṣin á máa rí bí eyín ayùn, torí pé ọwọ́ kì í lè gbé gbogbo wọn sójú ìlà kan. Ẹ fi wọ́n jìnnà síra, kí ẹ wá fa àárín wọn kó tẹ̀ bí ara ẹṣin ṣe tẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo di Ctrl mú, mo tẹ àmì àkọ́kọ́ kí ìlà lè pàdé, mo sì tẹ Enter. Ó kù Select, Shrink, píksẹ́lì 2, tó ń fa ìlà wọnú díẹ̀, lẹ́yìn náà Feather, píksẹ́lì 2, tó ń mú etí rẹ̀ rọ̀. Shrink yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun náà ló sì ń fà á tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ògiri fi máa ń wà yí ẹṣin ká. Layer, Mask, Add Layer Mask, Selection ló parí rẹ̀.

Gọ̀gọ̀ àti ìrù kò sí nínú ìlà yẹn. Irun kì í ní etí kan ṣoṣo. Orí mask ni mo ti yà wọ́n, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì funfun tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 4 sí 6, láti ìdí irun lọ sí ṣóńṣó rẹ̀, ìdì ńlá díẹ̀ pẹ̀lú fọ́nrán bíi mẹ́wàá tó yọ síta. Funfun lórí mask ń fi nǹkan hàn, dúdú ń fi í pa mọ́, X sì ń pààrọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá kùn ún tí ẹṣin fúnra rẹ̀ sì di funfun, layer lẹ ti ń kùn, kì í ṣe mask. Ẹ wo àwòrán kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú Layers: èyí tí ìlà funfun yí ká ni ọwọ́ yín wà.

Ó wá kan ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Bí ẹ bá kàn tẹ Desaturate, ẹṣin pupa máa ń di eérú kan náà látorí dé ìdí. Mono Mixer ló dára jù, nínú Colors, Desaturate, nítorí pé pupa ló pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tí irun rẹ̀ ń dá padà. Mo fi Red sí 0.60, Green sí 0.35, Blue sí 0.05, èjìká àti itan sì yọ lójú ẹsẹ̀. Fún ẹṣin funfun, ìyàtọ̀ kò ní pọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí Levels: mo gbé dúdú wá sí 18, funfun sí 225, mo sì gbé ti àárín láti 1.00 sí 1.25. Ti àárín yẹn ló ṣe kókó. Posterize tó ń bọ̀ máa ń pín ìmọ́lẹ̀ dọ́gbadọ́gba sí ìpele díẹ̀ láìwo ohun tó wà nínú fọ́tò. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, gbogbo ara ẹṣin á kó sínú ìpele méjì ìsàlẹ̀, á wá dà bí òjìji ara ògiri.

Kí n tó tẹ Posterize, mo kọ́kọ́ fi Median Blur pa irun kéékèèké rẹ́, radius 8. Láìṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ara á kún fún tótòtó bí ẹni tí eéta bò, nítorí pé fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Gaussian Blur lè pa á rẹ́ pẹ̀lú, àmọ́ ó máa ń sọ etí iṣan di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Posterize mi jẹ́ ìpele 4. Mo dán 3 wò, ojú àti imú wọnú ara wọn. Mo dán 6 wò, ó padà di fọ́tò tó dọ̀tí. Ẹ dijú díẹ̀ kí ẹ wò ó: tí èjìká, ikùn àti itan bá ṣì ya ara wọn sọ́tọ̀, ó ti tó.

Ẹ ṣe Apply Layer Mask lórí ẹ̀dà layer yìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, nítorí pé Select by Color á mú ògiri tó fara pamọ́ mọ́ ẹṣin. Mo fi threshold sí 0 kó má baà mú ju àwọ̀ kan lọ, mo yan ìpele kọ̀ọ̀kan, mo ṣe Grow píksẹ́lì 1 kí àlàfo má baà wà láàárín wọn, mo sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí layer tirẹ̀, èyí tó dúdú jù nísàlẹ̀. Àwọ̀ mi nìyí, ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ àwọ̀, láti èyí tó dúdú jù: 0F1A3A, 1F3270, 6C88BF, E3E9F4. Ẹ má lo funfun báláú. Aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aró a máa yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ díẹ̀, funfun àdìrẹ sì máa ń ní àwọ̀ ojú ọ̀run fẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ibẹ̀ ni ojú ti ń dá a mọ̀.

Ìlà ló kù, orí layer tuntun, pẹ̀lú E3E9F4. Mi ò yí ẹṣin ká láti òkè délẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn wà nìkan ni mo fa ìlà sí: òkè ọrùn, ẹ̀yìn, iwájú èjìká, orí itan. Ẹ̀gbẹ́ kejì, aró ló ni ín. Ìlà tó yí gbogbo rẹ̀ ká á sọ ẹṣin di bébà tí wọ́n gé lẹ̀. Píksẹ́lì 9 ni mo lò fún ti ìta, 5 fún ti inú. Ẹni tí kò ní pátákó ìyàwòrán, tó jẹ́ mouse ló ń lò, kó fi Paths fa ìlà náà, kó wá yan Stroke Path pẹ̀lú Emulate brush dynamics, kí ìlà lè tín-ín-rín ní ìparí bí ti iyẹ́ adìẹ. Ibi méjì wà tí ọwọ́ ti máa ń ṣìnà. Oríkèé tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe orúnkún. Gìgísẹ̀ ẹṣin ni, ẹ̀yìn ló sì máa ń kọjú sí. Bákan náà, ẹyinjú ẹṣin kò rí róbótó bíi tiwa: dúdú àárín rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sí òkè rẹ̀, ojú á là.

Ìjánu ni mo fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Jimoh Buraimoh, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tí Òṣogbo di olókìkí nípasẹ̀ wọn ní àwọn ọdún 1960, ló fi ìlẹ̀kẹ̀ gidi ya àwòrán, ọ̀wọ̀ iṣẹ́ yẹn ló sì mú mi ṣe é. Lórí kọ̀ǹpútà, Spacing búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn bí àmì rẹ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì, ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ní 10 tàbí 20, ìlà tó so pọ̀ ló ń jáde. Ní 100, róbótó kan á fara kan èkejì. Mo fi í sí 115, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 22, àwọ̀ pupa iyùn, Stroke Path lórí ìlà ìjánu. Mo wá fi àmì fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí apá òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tí oòrùn ẹṣin ti ń tàn.

Fún ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹṣin, mo ya igun mẹ́rin kan, 600 sí 600, pẹ̀lú ìlà àti ewé tèmi, mo fi Offset gbé e ní ìdajì kí n lè rí ibi tí etí kò ti pàdé, mo tún un ṣe, mo sì fi tò gbogbo ilẹ̀ àwòrán. Ó kọ́kọ́ gbé ẹṣin mì. Opacity (bí layer ṣe hàn tó) 35, pẹ̀lú aró dúdú tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 14 yí ẹṣin ká, ló yanjú rẹ̀.

Ní ilé ìtẹ̀wé, aró máa ń di àwọ̀ èsè àlùkò, torí pé magenta máa ń pọ̀ jù nínú búlúù tí ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn. Mo kó gbogbo àwọ̀ mi sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí irú bébà kan náà. Ó di èsè àlùkò lóòótọ́. Mo lọ sí Hue-Saturation, mo yan búlúù, mo gbé Hue sí −12, ìdánwò kejì sì di aró. PNG ni mo gbé jáde. Mo fi mílímítà 10 sílẹ̀ yí ká, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í tẹ̀ dé etí bébà. Bí orí WhatsApp lẹ máa gbà fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.

Nígbà tí yíǹkì gbẹ, mo gbé e sára ògiri, mo dúró ní mítà mẹ́ta sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ìjánu ló kọ́kọ́ wọ ojú, lẹ́yìn náà ni èjìká. Mo padà sínú ẹṣin-14, mo fa Opacity ìlẹ̀kẹ̀ wá sílẹ̀ sí 80, mo sì tún un tẹ̀.