Bí a ṣe ń fi owó lé ẹ̀rọ ilé àtijọ́ níbi gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Èkìtì

Ẹ̀rọ àwo orin kan wà ní yàrá mi ní Adó-Èkìtì tí ó ń kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn. Níbi gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á láti Amẹ́ríkà. Owó tí mo fi lé e kò tó nǹkan, ojú rẹ̀ sì ń dán gbinrin nínú gbogbo àwòrán. Mo mọ̀ pé agbára iná wọn kéré sí tiwa, nítorí náà mo ti ra tíráńsífọ́mà sílẹ̀ kí ẹrù tó dé. Nígbà tí mo gbé àwo àpàlà kan lé e, tí ohùn akọrin ń fà, tí ìlù sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo rò pé rọ́bà inú rẹ̀ ni ó ti gbó. Bàbá tí ó ń bá mi tún rédíò ṣe ni ó dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, tí ó nu irin pẹlẹbẹ kékeré kan ní ìdí rẹ̀, tí ó sì ní kí n ka ohun tí ó wà níbẹ̀: 117 fọ́ltì, 60 Hz. Ó ní, "Fọ́ltì nìkan lo kà, o ò ka ìkejì."

Àwòrán irin pẹlẹbẹ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà kí ẹ tó fi owó lé ẹ̀rọ iná èyíkéyìí. Iná ilẹ̀ wa àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230 fọ́ltì ní 50 Hz, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120 fọ́ltì ní 60 Hz. (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.) Tíráńsífọ́mà lè sọ fọ́ltì kan di òmíràn, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan Hz, bẹ́ẹ̀ Hz yìí gan-an ni ó ń pinnu bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo orin àti aago oníná àtijọ́ yóò ṣe yára tó. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz yóò pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, débi pé àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní yí tó ìgbà 28. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ oníná àti ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun yàtọ̀, nítorí pé mọ́tò tí ó ní búrọ́ọ̀ṣì èédú ni ó sábà máa ń wà nínú wọn, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò sì bìkítà nípa Hz. Fọ́ltì nìkan ni ẹ ní láti wá ọgbọ́n sí. Ẹ má fi ìyẹn náà ṣeré, nítorí pé mọ́tò 110 fọ́ltì tí a bá kì bọ iná ilé wa tààrà yóò ti máa rú èéfín kí a tó rán etí aṣọ kan tán.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ohun àtijọ́ jọ níyànjú pé kí ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò bá oníná lẹ́jọ́ rárá. Singer tí wọ́n ṣe ní Clydebank ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1980, sábà máa ń ní lẹ́tà K lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 15K tàbí 201K. Irú rẹ̀ wà nílé ìyá àgbà ọ̀pọ̀ nínú wa láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dé Ìkọ̀lé, abẹ́rẹ́, bẹ́líìtì àti bọ́bìnì rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà. (Ẹ kọ́kọ́ yọjú sí ìyẹ̀wù ìyá àgbà ná, kí ẹ má baà máa bá ará Lọ́ńdọ́nù du ohun tí ó wà nílẹ̀ nílé yín.) Nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀rọ náà ni a fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí náà ẹ má gbà pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́nu olùtà tí kò bá fi nọ́ńbà yẹn hàn yín.

Ọ̀rọ̀ olùtà náà ní bí a ṣe ń kà á. Bí ó bá kọ "untested", ohun tí ó ń wí ni pé òun kò tíì dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ihò iná lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ náà nínú àwòrán, tí ogún ẹ̀rọ mìíràn sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi gbà pé ó ti dán an wò, ohun tí ó rí ni kò fẹ́ sọ. Owó ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ ni kí ẹ fi lé irú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè fún fídíò ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì béèrè fún àwòrán ojú ibi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni rọ́bà àtijọ́ ti máa ń kọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́.

Iye tí ẹ ó fi lé e, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣírò rẹ̀ bọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ̀rọ náà tó lójú yín nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yín sórí ìwé, kí ẹ yọ owó àtúnṣe, owó ẹnubodè àti owó ìkérù kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ mú lọ sí gbàǹjo. Owó ìkérù ọkọ̀ òfurufú ni ó máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù, nítorí pé kì í ṣe ìwúwo nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n sábà máa ń sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 5000, wọ́n á sì gba owó lórí èyí tí ó bá pọ̀ jù láàárín ìdáhùn yẹn àti kílò rẹ̀ gan-an. Rédíò onípákó tí kò ju kílò 10 lọ, tí páálí rẹ̀ gùn ní 60, tí ó fẹ̀ ní 45, tí ó sì ga ní 45, ti di ẹrù tí ó lé ní kílò 24 lórí ìwé wọn.

Lórí eBay, ojú òpó gbàǹjo ńlá ti Amẹ́ríkà, kò pọn dandan kí ẹ jókòó ti gbàǹjo títí yóò fi parí. Ẹ ó tẹ iye tí ó ga jù lọ tí ẹ lè san, ètò wọn yóò sì máa fi owó lé e díẹ̀díẹ̀ fún yín, ìwọ̀nba tí yóò kàn fi borí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá tẹ 100 dọ́là, tí ẹni tí ó tẹ̀ lé yín sì dúró sí 62, dọ́là 63 ni ẹ ó san, nítorí pé dọ́là kọ̀ọ̀kan ni owó fi ń gòkè láti 25 títí yóò fi kan 100. Bí ẹni méjì bá tẹ iye kan náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni ó ni ọjà. Nítorí ìyẹn ni mo fi máa ń tẹ 103 àti sẹ́ǹtì díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kọjá 100 géérégé.

Àwọn kan máa ń fi ara pamọ́ di ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn kí wọ́n tó yọ owó tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè fèsì. Ọgbọ́n ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbàǹjo tí yóò parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní California, aago méjì òru ni ní Adó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́ta sì ni nígbà òtútù wọn. Kò sí ẹni tí yóò bá mi gbọ́ ẹjọ́ iná tí wọ́n mú lọ ní agogo méjì òru ku ìṣẹ́jú kan. Mo máa ń tẹ iye tí mo ti kọ sórí ìwé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, n ó sì lọ sùn. Bí ìkìlọ̀ bá wọlé pé ẹlòmíràn ti ju yín lọ, ibẹ̀ ni ìka ti máa ń yún ènìyàn, ibẹ̀ náà ni owó àtúnṣe ti máa ń wọ inú owó gbàǹjo láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ rántí pé àwọn ojú òpó kan wà tí wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú kún àkókò bí ẹnikẹ́ni bá fi owó lé ọjà nígbà tí ó ń parí lọ, àti pé ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ńlá máa ń gba owó iṣẹ́ tiwọn lórí iye tí ẹ fi borí. Bí ó bá jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjà 100 ti di 125 kí ó tó kúrò nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùtà ni kì í kó ẹrù wá sí Nàìjíríà, nítorí náà àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó wà lókè òkun ni a sábà máa ń lò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tú páálí níbẹ̀, kí ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà, kí ó sì dán an wò, nítorí pé ààbò tí eBay ń fún olùrà kì í bá ẹrù lọ mọ́ bí wọ́n bá ti tún un fi ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì àkọ́kọ́ sí ibòmíràn.

Ẹ má fi owó lé fíríìjì òkè òkun rárá, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó. Fíríìjì àlòkù, ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a kó wọlé. Ẹni tí ó bá ń wá fíríìjì oníkẹrosíìnì, abẹ́lé ni kí ó ti wá a.

Ní ti gbàǹjo orí WhatsApp àti Facebook láàárín ara wa, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí olùtà fi pamọ́ láti máa gbé owó sókè, kí ẹ má sì san gbogbo owó kí ẹ̀rọ tó dé gáréèjì bí wọ́n bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ ní wáíbìlì.

Nígbà tí rédíò tàbí ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́ bá dé, ẹ má sáré kì í bọ iná, nítorí pé kàpásítọ̀ (ohun kékeré tí ó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) tí ó ti gbó lè jó gbogbo inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ rédíò gé wáyà iná kan, kí ó so gílóòbù ayé àtijọ́ tí ó ní okùn irin tín-ín-rín nínú, 60 tàbí 100 wáàtì, sí àárín rẹ̀, kí iná lè gba inú gílóòbù kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ fìrí, tí ó sì rọlẹ̀ di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ máa gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó. Bí ó bá mọ́lẹ̀ kedere tí kò sì rọlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà fún oníṣẹ́ kí ó tú u.