Mo gba ilẹ̀ ìdaran lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n dá iṣẹ́ ọgbà mi dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ilẹ̀ ìdaran lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Ògùn fún ọdún 25. Mo ti ri òpó ọgbà sí apá kan, a sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀ bá dé, ó ní n kò gbàṣẹ. Ṣé àṣẹ tí mo fi gba ilẹ̀ kò tó ni?

Ìdáhùn: Ó lè má tó o. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, abala 8 sì fàyè gbà á kó bá ẹni tó gba ilẹ̀ ṣe àdéhùn. Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tú wò, kí ẹ tó gba ti òṣìṣẹ́ yẹn gbọ́ tàbí kí ẹ bá a jà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ ilé, ọgbà, kànga àti ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó ṣe wọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wáyà ẹlẹ́gùn-ún lásán ńkọ́? Mo ṣáà lè tú u.

Ìdáhùn: Wáyà ṣeé tú, àmọ́ òpó tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rì mọ́lẹ̀ ńkọ́? Abala 51 ka ọgbà, kànga àti ojú ọ̀nà mọ́ àtúnṣe orí ilẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹ fi owó tàbí iṣẹ́ yín ṣe mọ́ ilẹ̀ pinpin, bó ṣe ka ilé. Owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ohun tó kan gbogbo ìlú, abala 29 ní kí wọ́n san iye tí wọn yóò fi kọ́ irú ohun tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tó ti gbó kúrò. Àmọ́ ìjọba tún lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rú àdéhùn, abala 29 ò sì ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí wọn yóò sanwó fún. Kànga yín á wà níbẹ̀, ẹlòmíràn á máa pọn ín.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ dá iṣẹ́ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí sáfíyọ̀ ya ibi tí ọgbà máa gbà àti ojú kànga. Kó fi ọ̀nà tí màlúù àwọn ẹlòmíràn ń gbà àti ọ̀nà odò hàn. Bí ọgbà bá dí ọ̀nà tí àwọn ará abà fi ń lọ pọnmi, ìwé ẹ̀sùn á ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí lẹ́tà tí ẹ fi tọrọ ìyọ̀ǹda tó dé. Ẹ so àwòrán náà mọ́ lẹ́tà, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe láìfi pamọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Ẹni tó bá ní "ẹ máa ṣe é lọ, kò séwu," ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo risíìtì.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi kànga náà yáwó ní báńkì.

Ìdáhùn: Ìyọ̀ǹda Gómìnà lọ́tọ̀ nìyẹn, abala 15 àti 22. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdógò tí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe láìgba ìyọ̀ǹda yìí. Báńkì ló pàdánù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ìwé náà kí wọ́n tó dá yín lóhùn.