Bẹ́ ẹ ṣe lè máa tọ́jú oògùn oṣooṣù l'Ábẹ́òkúta kó má baà tán mọ́ yín lọ́wọ́

Oògùn bíípíì màmá mi tán lálẹ́ Fúráìdè kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfìgbà tí wọ́n fẹ́ lò ó tí wọ́n bá káàdì tó ti ṣófo. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí, ẹni tó wà níbẹ̀ ní amlodipine 5mg ò sí, 10mg ló wà, pé nǹkan kan náà ni, èmi náà sì rà á. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ẹsẹ̀ màmá méjèèjì ti wú, bàtà ò wọ̀ wọ́n mọ́. Apòògùn kan ló padà là á yé wa pé oògùn yẹn máa ń mú ẹsẹ̀ ẹlòmíì wú, àgàgà tó bá ti pọ̀ lára. Ó dùn mí gan-an torí ọwọ́ mi ló ti wá. Látìgbà náà èmi ni mò ń bójú tó oògùn wọn.

Ẹ kọ́kọ́ máa kà á. Páálí tó ní 28, tó bá jẹ́ ọ̀kan lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni, kì í ṣe oṣù kan o, oṣù tó bá ní ọjọ́ 31 ọjọ́ mẹ́ta ti lọ láìsí oògùn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá ra oògùn ni mo ti máa ń fi àláàmù sórí fóònù, kó dún nígbà tó bá ku méje. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni máa fi wá a, tí fámásì àkọ́kọ́ ò bá ní, wọ́n á bá mi gbé e wá.

Tẹ́ ẹ bá lọ clinic, bóyá FMC Ìdí-Àbà ni o, Ìjàyè ni o, tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò, ẹ bẹ dókítà kó kọ èyí tó máa gbé yín dé ọjọ́ tó fẹ́ padà rí yín, kì í ṣe oṣù kan nígbà tó jẹ́ oṣù mẹ́ta ló fún yín. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà. Orúkọ gangan ni kẹ́ ẹ dì mú, àti iye mg: Norvasc àti amlodipine, oògùn kan náà ni, owó wọn ló yàtọ̀. Ẹni tó bá wà lórí NHIA, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ló ń san, torí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á kẹ́ ẹ tó náwó yín.

Gbogbo ẹ̀ la máa ń pè ní kẹ́mísì, àmọ́ wọn ò rí bákan náà rárá. Àwọn kéékèèké yẹn, Panadol àti irú ẹ̀ ni wọ́n láṣẹ láti tà, kì í ṣe oògùn bíípíì tàbí ti ṣúgà. Fámásì gidi máa ní apòògùn, ìwé àṣẹ PCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn fámásì, á sì wà lára ògiri, ẹ wo ọdún ara ẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ dúró tì í. Èyí tí à ń lò lápá Pánṣẹ́kẹ́ ti mọ màmá dáadáa, wọ́n á wo bíípíì wọn ká tó ra nǹkan kan, màá kọ ọ́ sínú ìwé tí a máa gbé lọ bá dókítà.

Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún wọn o. Tẹ́ ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ibuprofen tẹ́ ẹ̀ ń lò fún orúnkún, ẹ sọ ọ́, torí ó máa ń gbé bíípíì sókè. Tẹ́ ẹ bá ń lo lisinopril, oògùn bíípíì mìíràn, tí ikọ́ gbígbẹ ò sì lọ, oògùn yẹn lè jẹ́ òun ló fà á, dókítà á pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa ra oògùn ikọ́ kiri.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ má fi oògùn sínú mọ́tò nínú ooru ìlú wa yìí, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kó má kọjá 30°C. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé lánàá, ẹ má lo méjì lónìí. Tí bíípíì bá sì ti wálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró, oògùn yẹn ló ń mú un wálẹ̀, dókítà nìkan ló lè ní kẹ́ ẹ jáwọ́.