Òwú tí mo sun nínú páìpù, àti bí ooru ṣe sọ ọ́ di wáyà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ mọ́tò, ìyẹn èyí tó ń fi iná yí, kì í ṣe ọkọ̀, ni mo ń ṣe ní Kàbbà níbí, ti ẹ̀rọ ìlọta o, ti fáànù o, ti jẹnẹrétọ̀ o, gbogbo ẹ̀ la máa ń tú, nǹkan tó sì máa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ jù ni búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù, dúdú kékeré yẹn tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí pé ọ̀gá, ṣé èédú kọ́ nìyí ni, kí ló dé tí a ò lè gé èédú ìdáná síbẹ̀? Mo gbé mítà, èyí tí a fi ń wò ó bóyá iná ń kọjá, lé èédú kan lẹ́yìn ilé, kò ka nǹkan kan. Mo gbé e lé òmíràn látinú àpò kan náà, ó kà. Dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì o.

Mo ti kà á rí pé ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, pé bí wọ́n bá ṣe sun kábọ́ọ̀nù fáíbà tó, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gbé iná tó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Òwú ni mo mú, torí òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 1879 Thomas Edison, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe gílóòbù iná, sun òwú ìránṣọ di kábọ́ọ̀nù ní Menlo Park ní Amẹ́ríkà, ó fi í sínú gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, iná yẹn sì tàn ju wákàtí 13 lọ, Joseph Swan náà ń ṣe irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ní England. Àwa náà kì í ṣe àlejò òwú, àwọn ìyá Bùnú nítòsí wa níbí ló máa ń hun aṣọ ipò pupa tí wọ́n fi ń sin ìjòyè láyé àtijọ́. Ìyá àgbà kan tó ṣì ń fi ìrànwú ran òwú fún mi ní èyí tí wọn ò tíì rẹ láró, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí nǹkan míì má bàa dà pọ̀ mọ́ ìdáhùn.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni afẹ́fẹ́. Tí òwú bá gbóná níbi tí afẹ́fẹ́ wà, eérú ló máa dà, ó tán. Mo ra páìpù irin dúdú kúkurú lọ́wọ́ àwọn púlọ́ńbà, èyí tó ní ìdérí onísíkúrúù lápá méjèèjì. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi síńkì bò, tó ń dán yẹn, torí síńkì máa ń di èéfín tó bá gbóná gan-an, èéfín yẹn sì máa ń dá ibà sí èèyàn lára. Mo gún èédú kúnná, mo tẹ́ ẹ sínú páìpù, mo na òwú sórí ẹ̀ láì so ó le, mo tún fi èédú bò ó. Mo wá lu ihò kékeré kan bíi ti abẹ́rẹ́ sí ìdérí kan, torí èéfín gbọ́dọ̀ jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kékeré wo ihò yẹn, páìpù tí wọ́n dé pa tí wọ́n gbé sínú iná lè bú gbàmù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà sun ún. Ti àkọ́kọ́, orí sítóòfù kẹrosíìnì, mi ò jẹ́ kí páìpù pọ́n rárá. Ti ìkejì, àárín èédú nínú kólìpọ́ọ̀tù, títí páìpù fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìyẹn máa ń tó bíi 650 sí 700 dígírì. Ti ìkẹta ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Ìyàrà. Mo ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi fi èyí sínú iná, òwú ló wà níbẹ̀." Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní "Òwú kẹ̀? Inú iná mi?" Mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbà, kódà àwọn ló sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ọmọ tó ń fẹ́ ẹwìrì yára, wọ́n ní ohunkóhun tó bá ní omi nínú tí iná bá já lù ú lójijì, ó máa là. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òwú gan-an kò ju kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn lọ, háídírójìn àti ọ́síjìn yẹn sì máa bá èéfín àti omi jáde lọ, tí wọ́n bá jáde pẹ̀lú ipá, wọ́n á já fọ́nrán òwú sí wẹ́wẹ́. Bàbá ń wo àwọ̀ páìpù ṣáá, ó pọ́n, ó di àwọ̀ ọsàn, wọ́n wá ní ó tó. Àwọ̀ ọsàn yẹn máa ń lé ní 900 dígírì. A jẹ́ kó tutù pátápátá ká tó ṣí i, torí tí afẹ́fẹ́ bá kan kábọ́ọ̀nù gbígbóná ó máa gbiná lójú ẹsẹ̀.

Wíwọ̀n ẹ̀ le ju sísun ẹ̀ lọ jàre. Òwú yẹn ti sún kì, ó ti fúyẹ́, tí ẹ bá fi ẹnu mítà tẹ̀ ẹ́ ó máa fọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí táìlì funfun, mo gbé bébà kọ́pà pẹlẹbẹ lé etí méjèèjì, mo fi nọ́ọ̀tì irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí kọ́pà ni ẹnu mítà ń kàn. Mo máa ń wọn ibi tó gùn, màá tún wọn ìdajì ẹ̀, tí nọ́ńbà náà bá já sí bí ìdajì, mo mọ̀ pé òwú ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe ibi tí kọ́pà ti kàn án.

Ti sítóòfù: mítà gbé 1 dúró lápá òsì bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti kọjá agbára ẹ̀, kódà níbi 2000k, òǹkà tó ga jù lórí ẹ̀. Ó dúdú kirikiri o, àmọ́ iná ò kọjá. Ti kólìpọ́ọ̀tù kà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún óòmù ló wà (óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó, bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń kọjá dáadáa tó), nọ́ńbà náà ò sì dúró sójú kan. Ti alágbẹ̀dẹ, mo rò pé kọ́pà méjèèjì ti kanra wọn ni, mo gbé e, mo tún un tẹ́. Ọgọ́rùn-ún óòmù mélòó kan péré! Òwú kan náà, ọwọ́ ìyá kan náà ló ti wá. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn pariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ nìyí. Tí ooru ò bá tíì pọ̀, kábọ́ọ̀nù á ti kóra jọ ní abala kéékèèké, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra wọn, bí òkúta inú odò tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè ti orí ọ̀kan dé èkejì, iná ò rí ibi gbà. Láti bíi 600 dígírì sókè ni abala yẹn ti ń fẹjú tí wọ́n ń kanra, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín 600 sí 900. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì ń dínkù, àmọ́ kì í já lójijì mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ò dúró síbi tí bàbá alágbẹ̀dẹ dúró sí. Okùn oníke kan tí wọ́n ń pè ní PAN ni wọ́n sábà máa ń lò, Akio Shindo ló ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní Japan níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú afẹ́fẹ́ ní 200 sí 300 dígírì kó má bàa yọ́, lẹ́yìn náà inú náítírójìn ní 1000 sí 1500, tí wọ́n bá sì fẹ́ kó di gíráfáìtì gan-an, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú pẹ́ńsù, wọ́n á lé e kọjá 2000, ó lè dé 3000. Níbẹ̀ ni àwọn abala yẹn ti ń tò tẹ̀lé gígùn fọ́nrán, tí wọ́n ń sún mọ́ra. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀: fáíbà PAN lásán máa ń wà ní nǹkan bíi 17 máíkírò-óòmù-mítà (ìwọ̀n bí ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣe ń dí iná lọ́nà tó, èyí tó kéré ló dáa), èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bíi ti títì ṣe tí wọ́n sì sun dé góńgó lè sún mọ́ 1. Kọ́pà jẹ́ 0.017, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi kábọ́ọ̀nù ṣe wáyà ilé. Búrọ́ọ̀ṣì mọ́tò tó dáa náà, wọ́n máa ń sun ún kọjá 2500 dígírì, ìdáhùn tí mo ń wá fún ọmọ yẹn nìyẹn.

Mo tún ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Mo fi ẹ̀mú di ẹyin iná kan, mo gbé e sún mọ́ òwú alágbẹ̀dẹ yẹn láì kàn án, mo ń wo mítà. Nọ́ńbà ń wálẹ̀. Mo gbé iná kúrò, ó padà gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣe é fún wáyà kọ́pà tín-ín-rín, gígòkè ló máa gòkè. Ẹni tó bá ti ń wọn wáyà mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́ máa mọ̀ pé èyí yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí ọwọ́ wa mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi aṣọ bo imú tí ẹ bá ń tú páìpù, torí fọ́nrán tó fọ́ ń fò. Ẹ má ṣí i nítòsí rédíò tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú sílẹ̀, torí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tó bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjì lórí bọ́ọ̀dù lè so wọ́n pọ̀. Táìlì yẹn náà, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kẹ́ ẹ tó wọn òmíràn, torí eruku èédú náà lè kà lórí mítà.