Bí a ṣe ń dìbò yan ìgbìmọ̀ HOA ní Texas, àti bí a ṣe ń fi ènìyàn dí àyè tó bá ṣófo

Ẹni tó bá ra ilé sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìtéètì tó yí Houston ká, ní Katy tàbí ní Richmond tí àwa ọmọ Yorùbá wà káàkiri, ti sábà máa ń di ọmọ ẹgbẹ́ HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹ̀sìtéètì náà) láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí ìwé ilé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà ló ń pinnu iye tí a ó máa san lọ́dún, òun ló sì ń fi lẹ́tà ìkìlọ̀ àti owó ìtanràn ránṣẹ́ bí koríko iwájú ilé bá ga jù. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i pé àwọn ènìyàn wa ń san owó yìí láìjanpata, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dìbò.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ yín wà lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, ẹ gbà á kí ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin ìpínlẹ̀ Texas lórí ohun-ìní, Orí 209, ló borí ìwé náà lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìdìbò. Bó bá jẹ́ kóńdò (fúláàtì tí ènìyàn rà nínú ilé ńlá kan) ni ilé yín, òfin mìíràn ló kàn yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jùlọ ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ipò tí sáà rẹ̀ parí àti ipò tó ṣófo kí sáà tó parí. Bí sáà ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ti parí, àwọn onílé fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ dìbò yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, ohun yòówù tí ìwé òfin ẹgbẹ́ ìbáà sọ. Ìgbà tí ipò bá ṣófo kí sáà tó parí nìkan ni ìgbìmọ̀ lè mú ẹnìkan sípò láìdìbò: bí àpẹẹrẹ, bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, bó bá kú, tàbí bí àìlera bá sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì mú bẹ́ẹ̀, ìyókù sáà ẹni tó rọ́pò ni yóò lò, kì í ṣe sáà tuntun.

Ní àdúgbò wa, ìpàdé ọdún kan kò kún tó iye tí òfin ẹgbẹ́ béèrè, sáà ọmọ ìgbìmọ̀ kan sì ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a gba ímeèlì pé ìgbìmọ̀ ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta padà sí wọn: ṣé ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ni, ṣé ó kú ni, àbí àìsàn ló dá a dúró? Wọn kò rí èsì kankan fọ̀, wọ́n sì tún ìdìbò pè. Ẹ béèrè ìdí nígbàkígbà tí wọ́n bá mú ẹnìkan sípò, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní àkọsílẹ̀.

Bí kọ́ńpìnnì tó kọ́ ẹ̀sìtéètì bá ṣì ń darí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ó lè yan ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún púlọ́ọ̀tì ibẹ̀ bá ti di ti àwọn onílé, kó tó pé ọjọ́ 120 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onílé gbọ́dọ̀ ti dìbò yan ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ díje kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ẹnìkan yóò wá pè é. Ní ẹgbẹ́ tí púlọ́ọ̀tì rẹ̀ ju 100 lọ, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kéde pé kí àwọn tó fẹ́ díje fi orúkọ sílẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 10 kí wọ́n tó pín ìwé ìdìbò. Ẹ máa yẹ àpótí lẹ́tà yín wò dáadáa, nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kó dànù mọ́ ìwé ìpolówó.

Ìkéde ìdìbò tí a ó ṣe nínú ìpàdé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ onílé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ. Gbèsè owó ẹgbẹ́ kò lè gba ìbò lọ́wọ́ yín. Ìlànà ẹgbẹ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dé ìpàdé, ẹ fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́, nítorí wọ́n lè kà á mọ́ iye ènìyàn tó pé fún ohun tó wà lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ buwọ́ lù ú. Màmá kan ní òpópónà wa jókòó ti tirẹ̀ nídìí tábìlì, ó fi bíírò dúdú fa àmì tó mọ́ sí iwájú orúkọ ẹni tó fẹ́, ó lẹ àpòòwé pa, ó sì gbàgbé ìlà ìbuwọ́lùwé tó wà nísàlẹ̀. Wọn kò ka ìbò náà. Bí kì í bá ṣe ìdìbò ìkọ̀kọ̀, ìbò tí kò ní ìbuwọ́lùwé kò wúlò.

Olùdíje àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn kò gbọ́dọ̀ ka ìbò. Bí èsì bá kọ yín lóminú, ọjọ́ 15 ni ẹ ní láti béèrè ní àkọsílẹ̀ pé kí wọ́n tún un kà, ẹni tó béèrè ni yóò sì san owó rẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ láti pe ìpàdé ọdún ńkọ́? Onílé kan ṣoṣo lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń buwọ́ lù nígbà tí wọ́n bá gbà á, láti ní kí wọ́n pe ìpàdé láàrin ọjọ́ 30. Bí wọn kò bá pè é, onílé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dá ìgbìmọ̀ ìdìbò sílẹ̀, kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, kí wọ́n sì pe ìpàdé fúnra wọn fún ìdìbò nìkan.