"u" àti "ou": bí mo ṣe bá ọmọ Ìyá Alágbọn dé ilé ìwé gíga

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọlé. Mo rò pé ó ń dúró de ẹnì kan ni. Bìsíneésì sẹ́ńtà kékeré ni mo ní ní Àgbádárìgì níbí: mo ń ṣe fótókópì, mo ń tẹ ìwé, mo sì ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó wọlé tán, ó kúnlẹ̀, ó ní èló ni mò ń gbà láti "wo JAMB". Oṣù kọkànlá ọdún 2023 nìyẹn.

Wo JAMB kẹ̀? Kò tíì ṣe JAMB rí láyé ẹ̀. Ohun tó ní ni èsì WAEC, ó ká a sínú ọ̀rá búrẹ́dì. Mo gbà á, mo kà á, mo tún un kà. Kírédíìtì méje, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì náà wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ló ní kí o má tíì lọ ilé ìwé?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí n má lọ, Àǹtí."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà láti fi hàn án. Ìyá ẹ̀ ń yọ òróró àgbọn ní Gberefu, lódìkejì omi. Bàbá ń pẹja ní ìhà Kútọnu, ó lè lo oṣù mẹ́ta kó tó yọjú. Èdè Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ nílé, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jáde girama nínú ilé wọn. Ìlú wa yìí náà ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1843 o. Àwọn tó ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, wọ́n á tún ya fọ́tò.

Mo ní kó lọ kó gbogbo ìwé tó ní orúkọ ẹ̀ lára wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí WAEC, "u" ló wà nínú orúkọ bàbá ẹ̀. Lórí NIN, "ou" ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó kàwé ní Pọtonófò ló mú un lọ ṣe NIN, bí wọ́n sì ṣe ń kọ orúkọ Ẹ̀gùn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú lẹ́tà Faransé, ló ṣe kọ ọ́ fún wọn. Orúkọ kan náà ni, bí a ṣe ń pè é ò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní kí ló ṣẹlẹ̀. Àmọ́ JAMB kì í bi èèyàn ní orúkọ ẹ̀, inú NIN ló ti ń fà á jáde. Bí o bá wá dé ilé ìwé pẹ̀lú ìwé JAMB tó ní "ou" àti WAEC tó ní "u", wọ́n á bi ọ́ pé ta ló ni èsì yìí.

Èwo ni ká tún ṣe? NIN ni mo mú. Gbogbo ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ iwájú, orí WAEC ló máa dúró lé, lẹ́tà kan péré ló sì lé lára NIN. (Ká ní ọjọ́ ìbí ló ṣì ni, à bá tún lọ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ ètò ìkànìyàn, owó ẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.) A nílò ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́. Èmi alára ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ti ń kígbe "u" àti "ou" láti àárọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i tán ni ọmọ náà fọwọ́ kàn án, ó rọra ní, "Àǹtí, 'o' tún wà níbí." Ojú tì mí. Owó ìwé ìbúra kejì, àpò mi ni mo ti san án, ìyẹn sì jẹ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì.

JAMB ṣí fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2024, ọjọ́ 26 oṣù kejì ni yóò sì tì. Nígbà tí orúkọ fi máa tọ́, a ti wọ oṣù kejì. Ohun tó kù ò le: wàá kọ NIN, wàá fi àyè kan sílẹ̀, wàá kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, wàá fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, wọ́n á sì dá kóòdù padà. Náírà 50 ni wọ́n máa yọ nínú káàdì fóònù rẹ. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù kan, ẹni kan ni. Fóònù ìyá ẹ̀ tí a fẹ́ lò, ọmọ àbúrò ìyá náà ti fi ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá. A lọ ra síìmù tuntun.

Ọ̀rọ̀ ohun tó máa kà dá ìjà kékeré sílẹ̀ láàárín wa. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkókà ló sì wù ú. Mo ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń pín àyè níbẹ̀: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Àwọn tó ń lé nọ́ọ̀sì pọ̀, àyè ò tó nǹkan. Mo ní kó mú ilé ìwé ìpínlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbí, kó sì mú ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì. Ó dákẹ́, ó ní "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ìdákẹ́ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá mo gbà á là ni àbí mo gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò lo kọ̀ǹpútà rí. Bó bá di eku kọ̀ǹpútà (máùsì) mú, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, ọfà inú kọ̀ǹpútà á sá lọ sí igun. Mo bá gbé eku kúrò. JAMB gbà kí èèyàn fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ bí o bá parí, R láti padà sínú ẹ̀. Lálaalẹ́ tí mo bá ti parí iṣẹ́, á jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wo bọ́tìnì mọ́.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n fi ìdánwò ẹ̀ sí, ibi tí wọ́n pín in sí sì jìnnà sílé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì sí Èkó mọ̀ pé ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́rin òru ṣì ń fi ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. A sùn sílé àbúrò mi ní Ìyànà-Ìbà. Ó gba máàkì 214.

Ohun kan wà tó máa ń pa àdúrà àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i. Èsì WAEC gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì JAMB. Kì í ṣe ìkànnì ilé ìwé nìkan. Ibùdó CBT, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, ni wọ́n ti ń gbé e sókè, bí kò bá sì sí níbẹ̀, ilé ìwé ò lè mú ọ, kí máàkì rẹ dọ́gba pẹ̀lú òkè. Bí wọ́n bá wá mú ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa wọ ibi tí wọ́n ń pè ní CAPS lórí ìkànnì JAMB láti sọ pé o gbà. Ní oṣù kẹwàá, a tẹ "gbà". Ìyá ẹ̀ kọjá omi wá pẹ̀lú ìgò òróró àgbọn méjì, ó jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí àwọn tó wá ṣe fótókópì fi bá a pàtẹ́wọ́.

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Irọ́ ni.

Owó ilé ìwé kọ́kọ́. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí òfin ẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìyá dìde dúró. "Ẹ̀yáwó? Kí wọ́n wá kó ìkòkò mi?" Mi ò bínú sí i. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ẹgbẹ́ agbówóyáni ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà olówò kékeré kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kó má sá. Mo ní, "Ìyá, wọn ò gba èlé. Owó ilé ìwé, ilé ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, a ò ní fojú rí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣooṣù ni ọmọ máa gbà fún ìjẹun. Ó dìgbà tó bá sin ìlú tán, tí ọdún méjì tún kọjá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀ sì ni." Ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà tó padà wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: bí ọmọ ò bá ríṣẹ́ ńkọ́? Mo ní ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ kò tíì ní owó oṣù tí wọ́n máa gé. Ó ní ká kọ ọ́.

Orúkọ ẹ̀ ò sí nínú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé fi ránṣẹ́ sí NELFUND, ìkànnì wọn sì ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. (Ìdí tí mi ò fi dárúkọ ilé ìwé náà nìyí.) Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ sílé ìwé náà. Ìgbà kẹta ni obìnrin kan níbẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó yí i sí wa, ẹ gbà mí, "ou" ni.

Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Nílé ló ti ń lọ, torí owó hósítẹ̀lì ju agbára wọn lọ: ọkọ̀ ojú omi, kẹ̀kẹ́, dánfó, kó tó rin ìyókù. Ní oṣù kejì ọdún 2025, mo rí i ní ọjà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ru àgbọn. Mo ní ṣé ẹ ò ní lẹ́kítọ̀ lónìí ni. Ó wolẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé owó ọkọ̀ ni, òun náà ló kọ́kọ́ sọ. A jókòó, mo ra púpúrú àti ẹja fún un, ìgbà tó jẹun tán ló wá sọ tòótọ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń kéde ibi tí kíláàsì máa wà, fóònù kékeré oníbọ́tìnì tí kò gba WhatsApp ló sì ní. Ó ti pàdánù ìdánwò àárín sáà kan. Ó wá ń tijú láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, torí ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀kan nínú wọn fi bó ṣe ń sọ Yorùbá rẹ́rìn-ín, ó pè é ní ará Kútọnu. Ọmọ tí ìran ẹ̀ ti wà létí òkun yìí kí àwọn kan tó mọ̀ pé Èkó wà!

Ìyá ẹ̀ ní, "Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ta ni kó bi?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ. Mo wá ọmọkùnrin Ẹ̀gùn kan tó wà ní ọdún kẹta nílé ìwé náà, ọmọ oníbàárà mi ni, mo ní kó wá bá a lédè wọn. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀rín ni mo gbọ́. Ó mú un lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọdún kìíní. Fóònù àlòkù tó ní WhatsApp, àwa obìnrin mẹ́ta ní ẹgbẹ́ àjọ mi la dáwó ẹ̀. Ọmọ náà wá rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ gba yàrá kan nítòsí ilé ìwé, ìyá ẹ̀ sì ń fi ìgò òróró àgbọn ránṣẹ́ tó ń tà fún àwọn tó ń ṣe irun. Òróró náà tà ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó ti wọ ọdún kejì báyìí. Carryover kan, ẹ̀kọ́ tó fìdí rẹmi tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ṣì wà lọ́rùn ẹ̀: Kẹ́mísírì. Ó tún sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ń wádìí bí wọ́n ṣe ń ti Bàọ́lọ́jì kọjá sí nọ́ọ̀sì. Mo dákẹ́ ní tèmi.

Lánàá, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé tààrà, ó gbé ìwé méjì sórí tábìlì mi, ó sì ti fi báírò pupa yí "o" ká.