Bí mo ṣe fi fìlà yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjèjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ibi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ya fọ́tò mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ariwo ti gba agboolé. Nínú fọ́tò náà, nǹkan róbótó kan, aláwọ̀ ewé, ń tàn lókè òrùlé. Àwọn kan ní ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá inú òfurufú ni. Màámi ní ẹyẹ tí a kì í dárúkọ lálẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní ṣe ló fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí ló dùn ún jù, ló bá sá tọ̀ mí wá: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà mí."

Mo ní kó má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì ń bọ́ àkọsílẹ̀ kámẹ́rà dànù. Wáyà ni mo fi kó wọn. Àkọsílẹ̀ náà ní aago 8:12 alẹ́ ló ya àkọ́kọ́. Kò jọ pé wọ́n fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé yí, n ò gbára lé e.

Mo wá bi í pé: "Ṣé o fojú ara ẹ rí i lójú ọ̀run?"

Ó dákẹ́. "Rárá o. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i nínú fóònù."

Gbogbo ìjà tí wọ́n ti ń jà, kò sẹ́ni tó bi í!

Ìnáwó Ìjẹ̀bú kì í ṣe nǹkan òkùnkùn: gílóòbù ńlá kan wà lábẹ́ kánópì, nísàlẹ̀ fọ́tò lápá ọ̀tún. Nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn wà lókè lápá òsì. Mo gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà, láti ara gílóòbù gba àárín gbùngbùn fọ́tò kọjá. Orí nǹkan aláwọ̀ ewé náà gan-an ni rúlà bọ́ sí, bí gílóòbù ṣe jìnnà sí àárín náà ni òun náà ṣe jìnnà. Nínú fọ́tò kejì, gílóòbù sún mọ́ àárín. Òun náà sún mọ́ ọn. Ìkẹta kò yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ló ń ta padà láàárín àwọn dígí inú kámẹ́rà.

Ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1947 dé 1969: nínú ìròyìn nǹkan àjèjì ojú ọ̀run 12,618, 701 ni wọn ò rí ìdí ẹ̀. Tèmi, mẹ́ta péré.

Nírọ̀lẹ́, a so gílóòbù sí ojú ibẹ̀, a gbé fóònù kan náà sókè. Àwọ̀ ewé yọ. Mo ṣí fìlà, mo fi bo gílóòbù: ó pòórá. Mo gbé fìlà kúrò, ó tún dé.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà. "Ẹ tún bò ó, kí n wò ó."